Ayaba Funfun Orí Tábìlì Kìíní

Ẹ jókòó dáadáa o, torí tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, mi ò ní dúró mumi. Ẹni tí àyà ẹ̀ bá máa ń tètè já, kó yáa dìde báyìí. Mo ti sọ tèmi.

Ọ̀sán gangan ni. Fàwàsíyà bọ́ sílẹ̀ nínú gbaka, bọ́ọ̀sì akérò, ní Abobo, oòrùn ń ta gan-an, àwọn apprenti tó ń pe èrò ń pariwo "Adjamé, Adjamé, Adjamé!" bíi pé wọ́n ń bá ara wọn jà. Títì kún fọ́fọ́, ẹnì kankan ò wo ojú ẹ̀. Síbẹ̀, ó ń ṣe é bíi pé gbogbo Abobo ló mọ ibi tó ń lọ. Ó fa hijab ẹ̀ wá síwájú, ó kọjá níwájú àwọn tó ń tún fóònù ṣe, ó yà sẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, ó dé ilé onígéètì àwọ̀ ewé tí wọ́n júwe fún un.

Ìyá kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà, firísà ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí: BISSAP GLACÉ, ìyẹn zobo tútù. Obìnrin Ọ̀yọ́ ni, Ìyá Àlàkẹ́ ni wọ́n ń pè é. Tó bá jẹ́ bissap lẹ fẹ́, ẹ ó béèrè bissap. Tó bá jẹ́ nǹkan kejì lẹ bá wá, ẹ ó ní ti ìsàlẹ̀ lẹ fẹ́.

"Ẹ káàsán mà. Ti... ti ìsàlẹ̀ ni mo fẹ́."

Ìyá yẹn ò gbójú sókè. "Ta ni ẹ fẹ́ ṣe?"

"Ọmọbìnrin kan ni. Noémie lorúkọ ẹ̀."

"Ọkọ lẹ jọ ń fà?"

"Rárá o! Échecs ni."

Ìyá Àlàkẹ́ wá gbójú sókè. "Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Fàwàsíyà ṣàlàyé fún un. Pákó kan ni, ilé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta wà lórí ẹ̀, funfun àti dúdú. Ọba wà níbẹ̀, ayaba wà níbẹ̀, ẹṣin, ilé-ìṣọ́, àwọn ọmọ ogun. Èèyàn méjì ló ń ta á. Ẹni tó bá há ọba ẹnì kejì mọ́ ibi tí ò ti lè sá mọ́ ló jẹ.

"Ọpọlọ nìkan ni wọ́n fi ń ta á?"

"Ọpọlọ nìkan ni, mà."

"Ìwọ wá ń wá oògùn sí nǹkan ọpọlọ." Ìyá yẹn rẹ́rìn-ín títí èjìká ẹ̀ fi ń mì. "Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí! Ẹ ẹ̀ ní pa mí."

Ojú ti Fàwàsíyà, àmọ́ ó ti dé ibẹ̀ ná. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Bàbá ẹ̀, Alhaji Àrìmíyàù, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ló ń ta aṣọ ní Adjamé. Ẹgbẹ́ échecs tí Fàwàsíyà ń lọ ní àdúgbò Koumassi fẹ́ rán ọmọbìnrin kan ṣoṣo lọ sí ìdíje ní Dakar. Ẹnì kan péré o. Bàbá ẹ̀ ti sọ̀rọ̀ sọ: "Tó o bá yege, màá fọwọ́ sí i. Tó ò bá yege, ó tán, o ò gbọ́dọ̀ lọ Koumassi mọ́, wàá jókòó ti aṣọ." Àti pé látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, Noémie ń nà án. Ó nà án lẹ́ẹ̀mẹta, léraléra.

"Ìyá ẹ̀ ló so òwú funfun kan mọ́ ọn lọ́wọ́," Fàwàsíyà sọ. "Kókó méje ló wà lára ẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti so ó, kò fìdí rẹmi mọ́. Àwọn náà ń ṣe tiwọn, mà."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Ìyá Àlàkẹ́. "Kókó méje? Ìyẹn kì í ṣeré. Àmọ́ tèmi náà kì í ṣeré."

Ó ṣí firísà. Ó kó ọ̀rá bissap sápá kan, ó kó tòmíràn sí apá kejì, ó ti ọwọ́ bọ inú yìnyín títí dé ìgúnpá. Nígbà tí ọwọ́ yẹn jáde, agolo ìpara kékeré kan ló wà nínú ẹ̀, ti àtijọ́, ìpata ti jẹ ẹ́ lẹ́tí.

"Fi aṣọ pa á mọ́ ohun tó máa dì mú. Má fọwọ́ ẹ kàn án. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi ọwọ́ lásán kàn án ló gbà á. Iyọ̀ ò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ láéláé. Ohun tó mọ̀ jù lọ láyé ló máa kọ́kọ́ lọ kúrò lórí ẹ̀, ìyókù á máa tò tẹ̀ lé e."

"Ìyá, mi ò fẹ́ kó ya wèrè o. Ọjọ́ kan péré ni kó gbàgbé."

"Ó dáa," ni Ìyá Àlàkẹ́ wí, ó ń to bissap ẹ̀ padà. "Màá bá a sọ ọ́."

Fàwàsíyà fa àpò yọ, ó fẹ́ mọ iye tó máa san. Ìyá yẹn fọwọ́ tì í. "Máa lọ. Wàá padà wá."

*

Ẹ gbọ́ bí ẹgbẹ́ yẹn ṣe rí. Koumassi Remblais ló wà, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ṣe photocopie. Tábìlì mẹ́jọ, fáànù kan tó ń dún gìrìgìrì, àti Tonton Joachim.

Tonton Joachim ni ẹgbẹ́ yẹn gangan. Ará Kétu ní Bénin ni, tíṣà ìṣirò ni kó tó fẹ̀yìn tì, fìlà kaki kan kì í kúrò lórí ẹ̀. Òun ló ń ronú kan gbogbo puzzle tí wọ́n ń tú ní Saturday, kì í wo ìwé. Kí ẹnikẹ́ni tó ta ọ̀kan, ó gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè ẹ̀ ná lórí mat, ìyẹn bí ọba ṣe ń há.

"Mat tó yá jù láyé, ìgbésẹ̀ mélòó?"

"Méjì, Tonton!"

"Ta ló máa jẹ, funfun àbí dúdú?"

"Dúdú!"

"Irú èèyàn wo ni wọ́n ń jẹ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹni tí ò jẹun àárọ̀!" gbogbo yàrá á sì bú sẹ́rìn-ín, ọ̀sẹ̀ gbogbo, bíi pé wọn ò gbọ́ ọ rí.

Òun ló kọ́ Fàwàsíyà. Nígbà tí ọmọ yẹn wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, tí bàbá ẹ̀ ní kí ló kan ọmọbìnrin pẹ̀lú ẹṣin orí pákó, Tonton wọ gbaka wá sí Adjamé. Ó ṣí fìlà, ó jókòó lórí ẹrù aṣọ, ó bẹ Alhaji láti ìrọ̀lẹ́ títí wọ́n fi pe ìrun mọ̀ǹríbù. Fàwàsíyà wà lẹ́yìn kọ́tìnì, ó ń gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ẹ rántí ìyẹn dáadáa, torí òun náà rántí ẹ̀ jù.

Saturday tí wọ́n máa yan ẹni tó ń lọ Dakar, Fàwàsíyà ti dé kí ẹnì kankan tó dé. Wọ́n ti lẹ orúkọ mọ́ ògiri: tábìlì kìíní, Noémie ló ni funfun, Fàwàsíyà ló ni dúdú. Ó fi aṣọ ìnujú pa nǹkan yẹn mọ́ ayaba funfun lórí, díẹ̀ báyìí, kò ju ìwọ̀n ìyẹ̀fun tó máa lẹ̀ mọ́ ìka lọ. Ó gbé ayaba yẹn padà sórí ilé funfun ẹ̀, ó lọ jókòó.

Èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Noémie wọlé, òwú wà lọ́wọ́ ẹ̀. "On dit quoi, Fàwà? Báwo ni? Ṣé o sùn?"

"Mo sùn."

"Irọ́ ni, ojú ẹ wú. Èmi náà ò sùn, n ò purọ́."

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí. Nínú échecs, nǹkan tó o bá ti fọwọ́ kàn, o gbọ́dọ̀ gbé e rìn. Tó bá jẹ́ pé o kàn fẹ́ tún un tò ni, wàá kọ́kọ́ sọ pé "j'adoube". Tonton Joachim ò lè rí ẹṣin tó wọ́ díẹ̀ kó fi í sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ gbogbo, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, á rìn láti tábìlì kẹjọ wá dé ti kìíní, á máa fi ìka méjì tún gbogbo wọn gbé sí àárín ilé wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, "j'adoube, j'adoube," bí ẹni ń kí ẹbí ẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ni Fàwàsíyà ti ń rí i. Ó rí i débi tí kò rí i mọ́. Nígbà tó ń ro gbogbo ètò ẹ̀, kò rò ó mọ́ ọn rárá.

Ìgbà tí Tonton dé tábìlì kejì ló tó yé e.

Tonton dé ọ̀dọ̀ wọn. Ilé-ìṣọ́ funfun, j'adoube. Ẹṣin funfun, j'adoube. Ó ku ẹyọ kan kó dé ara ayaba. Fàwàsíyà la ẹnu. Gbólóhùn kan péré ló kù: Tonton, ẹ má fọwọ́ kàn án. Àmọ́ tó bá sọ ọ́, wọ́n á ní kí ló dé. Noémie ń wò ó. Gbogbo yàrá ń wò ó.

Ó pa ẹnu dé.

"J'adoube," ni Tonton wí, ó fi ìka méjì gbá ayaba yẹn lórí mú. Ó dúró. Ó fi àtàǹpàkò pa ìka ẹ̀ wò, ó gbóòórùn ẹ̀. "Ta ló fi bọ́tà pa ayaba mi? Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ máa fọwọ́ tẹ́ ẹ bá jẹ dòdò alloco tán!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Fàwàsíyà náà rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ ẹ̀rín ara ẹ̀ létí, kò dà bíi tiẹ̀.

Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé ó jẹ. Ó jẹ Noémie ní ìgbésẹ̀ mọ́kànlélọ́gbọ̀n, láìsí màgòmágó. Ó ta á débi tí Noémie fúnra ẹ̀ fi mi orí. Kò nílò oògùn kankan. Tonton pàtẹ́wọ́, ó ń jó yí tábìlì ká: "Ọmọ mi ń lọ Dakar! Ọmọ mi ń lọ Dakar o!"

Ó sì ń nu ìka méjì yẹn sára ṣòkòtò ẹ̀.

*

Saturday tó tẹ̀ lé e, Tonton pẹ́. Tonton kì í pẹ́. Nígbà tó wọlé, kò dé fìlà. Orí ẹ̀ kéré lójú gbogbo wọn, bíi ti èèyàn míì.

Ó to puzzle sórí tábìlì kìíní. Èyí tó rọrùn jù lọ ni, tó fi ń kọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Ọba dúdú wà ní ìlà ẹ̀yìn pátápátá, ọmọ ogun ẹ̀ mẹ́ta tò síwájú ẹ̀ bí ògiri. Ilé-ìṣọ́ funfun wà lódìkejì, ọ̀nà ẹ̀ ṣófo. Ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo. Ilé-ìṣọ́ á gùn lọ tààrà dé ìlà ẹ̀yìn, ọba ò ní ríbi sá sí, torí àwọn ọmọ ogun tiẹ̀ gan-an ló dí i mọ́lé.

Tonton dúró tì í. Ó wò ó. Fáànù ń dún gìrìgìrì.

"Ilé-ìṣọ́ yìí," ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, "báwo ló ṣe ń rìn?"

Wọ́n rò pé ìbéèrè ẹ̀ ni. Ẹnì kan pariwo, "Tààrà, Tonton! Ẹni tí ò jẹun àárọ̀ nìkan ni ò mọ̀ ọ́n!" Ẹ̀rín sọ.

Tonton ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ilé-ìṣọ́ yẹn sókè, ó yí i wò lábẹ́, bíi pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. "Rárá, mo ń béèrè ni. Báwo ló ṣe ń rìn?"

Ẹ̀rín kú. Ó kú díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe burú. Noémie ló dìde, ó di ọwọ́ Tonton mú. "Tààrà ni, Tonton. Síwájú, sẹ́yìn, sí ẹ̀gbẹ́."

"Tààrà. Bẹ́ẹ̀ ni. Mo mọ̀ ọ́n." Ó gbé e sílẹ̀. Ó wò wọ́n yí ká, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó wọ ilé onílé. "Ọmọ mi, ilé-ìṣọ́ yìí... báwo ló ṣe ń rìn?"

Fàwàsíyà sáré jáde.

*

Nígbà tó dé Abobo lọ́jọ́ kejì, iná ti lọ. Ìyá Àlàkẹ́ ṣí firísà sílẹ̀ gbayawu, omi pupa ń ṣàn lábẹ́ ẹ̀, gbogbo bissap ti yọ́. Òun jókòó sáàárín omi yẹn, ó ń fi páálí fẹ́ ara ẹ̀.

"Ẹlòmíì ló gbà á," ni ìyá yẹn wí kí Fàwàsíyà tó kúnlẹ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ tú u. Bàbá àgbà ni. Kò ṣe mí ní nǹkan kan rí."

"Ta ló fi í sílẹ̀ kó fọwọ́ kàn án?"

Fàwàsíyà fa orúnkún ẹ̀ kúrò nínú omi pupa yẹn.

"Ṣé o wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀."

Ìyá Àlàkẹ́ dẹwọ́ páálí. "Kò sí ewé fún un. Kò sí omi fún un. Ẹnu ẹ nìkan ló kù. Wàá lọ bá a, wàá sọ ọ́ fún un pátá, òun fúnra ẹ̀ á dárí jì ẹ́. Á sùn. Tó bá jí lọ́jọ́ kejì, tó ṣì rántí pé òun dárí jì ẹ́, ó ti tán."

"Ìyá, ìrántí gan-an ni nǹkan yẹn ń kó lọ!"

"Mo mọ̀."

"Báwo ló ṣe máa wá rántí?"

"Èmi kọ́ ni mo ṣe é bẹ́ẹ̀," ìyá yẹn sọ, ohùn ẹ̀ sì rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. "Bí mo ṣe bá a nìyẹn. Tètè lọ. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́ ló ń jìn sí i."

Ṣé ẹ rò pé ó lọ? Kò lọ o. Ó dé Koumassi, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà Tonton, ó gbọ́ ohùn ẹ̀ nínú ilé tó ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì, ó padà. Lọ́jọ́ kejì, ó tún débẹ̀, ó tún padà sílé. Ó ń ro Dakar. Ó ń ro bàbá ẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí, tí àwọn èèyàn á máa sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀: ọmọ ẹ̀ ló fi oògùn ba ti bàbá arúgbó jẹ́. Ó ń sọ fún ara ẹ̀ pé bóyá àìsàn àgbà lásán ni. Àwọn dókítà náà sọ bẹ́ẹ̀ fún Précieuse, ọmọ Tonton. Bóyá òótọ́ ni. Títí di òní, èmi náà ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún yín.

*

Ní Wednesday, wọ́n pe gbogbo ẹgbẹ́. Solange, ìyá Noémie, ló pè wọ́n. Ó wọ aṣọ àdúrà funfun, ẹsẹ̀ ẹ̀ lásán lórí sìmẹ́ńtì. Ó ti tan àbẹ́là méje sórí tábìlì kìíní, ọ̀sán gangan, iná àbẹ́là yẹn ò sì mì bí fáànù ṣe ń fẹ́ tó. Tonton jókòó láàárín, Précieuse di èjìká ẹ̀ mú.

"Ẹnì kan ló ṣe bàbá yìí," ni Solange wí. "A ti rí i nínú àdúrà. Ẹni yẹn wà nínú yàrá yìí. Tó bá sọ̀rọ̀ kí n tó fẹ́ àbẹ́là keje pa, kò ní sí ìtìjú."

Ó fẹ́ èkíní. Fàwàsíyà ń wo ilẹ̀. Ó fẹ́ èkejì, ẹ̀kẹta. Ó fẹ́ ẹ̀kẹrin. Ẹnì kan wúkọ́. Ìkarùn-ún, ìkẹfà.

"Fàwà," Tonton dédé pè é, ojú ẹ̀ mọ́ fún ìṣẹ́jú kan. "Ṣé o ti di ẹrù Dakar?"

"Mo ti ń dì í, Tonton."

Solange fẹ́ ìkeje.

Ó fa bàsíà kan jáde lábẹ́ tábìlì, omi wà nínú ẹ̀, ó da nǹkan funfun sí i, ó fi ọwọ́ rò ó. "Iyọ̀ tí wọ́n gbàdúrà sí nìyí. Kò sí iṣẹ́ ibi tó lè dúró níwájú ẹ̀." Ó sọ ayaba funfun tí Tonton ní wọ́n fi bọ́tà pa lọ́jọ́sí sínú omi yẹn.

Iyọ̀ ò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ láéláé. Nínú yàrá yẹn, Fàwàsíyà nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ó dìde. Orúnkún ẹ̀ gbé e dìde, ẹnu ẹ̀ ò tẹ̀ lé e. Solange ti di ọwọ́ Tonton méjèèjì mú, ó ti rì wọ́n bọ bàsíà dé ọrùn ọwọ́.

Omi yẹn hó. Mi ò sọ pé ó gbóná o. Ó hó. Tonton ò pariwo. Ó kàn fa ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì yọ, ó gbé wọn síwájú ojú, ó ń wò wọ́n.

"Ọwọ́ ta nìyí?" ó béèrè.

Précieuse ní, "Papa, ọwọ́ yín ni."

Ó yíjú sí Précieuse. Ó wò ó pẹ́. "Ẹ ṣé, madame," ó sọ. "Ẹ̀yin ńkọ́, ta ni yín?"

Solange ṣubú lórí orúnkún, ó ń sunkún, ó ń pe Jésù, ó ń sọ pé òun ni òun bà á jẹ́. Fàwàsíyà sì jẹ́ kó máa rò bẹ́ẹ̀.

Noémie bá a níbi tó ti ń dúró de wôrô-wôrô, takisí akérò. Kò pariwo. "Ìwọ ni."

"Kí lo ń sọ?"

"Saturday yẹn, nígbà tí Tonton fẹ́ tún ayaba ṣe, o la ẹnu. O tún pa á dé. Mo rò pé eyín ló ń dùn ẹ́." Ó na ọwọ́ síwájú, òwú kókó méje yẹn wà níbẹ̀. "Èmi lo fẹ́ ṣe, àbí? Torí èyí? Ọwọ́ mi máa ń gbọ̀n tí mo bá ń ta, Fàwà. Màmá ní kí n máa ka kókó yẹn títí tó máa fi dúró. Mi ò mọ̀ bóyá nǹkan míì wà nínú ẹ̀."

Fàwàsíyà bú sẹ́kún.

"Mi ò ní sọ fún ẹnì kankan," ni Noémie wí. "Gbé ẹrù ẹ dání."

*

Fàwàsíyà lọ sílé Tonton lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí àwọn oníbúrẹ́dì tó kọjá. Précieuse ṣílẹ̀kùn. Tonton jókòó sí gbàgede, ife kọfí wà lọ́wọ́ ẹ̀, kò mu ún.

Fàwàsíyà kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo ẹ̀. Abobo, firísà, agolo. Ó sọ bó ṣe la ẹnu tó sì pa á dé. Ó sọ ti iyọ̀. Précieuse gbọ́ ọ láti inú ilé, àwo bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó fọ́. Tonton ń fetí sílẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá ń ṣàlàyé puzzle tó le.

"Ó dùn mí," ó sọ níkẹyìn. "Ó dùn mí gan-an. Àmọ́ ọmọdé ni ẹ́. Mo dárí jì ẹ́. Dìde, ilẹ̀ tutù."

Fàwàsíyà fò jáde bí ẹyẹ. Ó lọ tààrà sí Adjamé, ó sọ fún bàbá ẹ̀, ó sọ pé òun ò lọ Dakar mọ́, kí Noémie lọ. Alhaji Àrìmíyàù ò nà án. Ó kàn dìde, ó pa ṣọ́ọ̀bù dé ní ọ̀sán gangan, ohun tí ò ṣe rí láti ọdún méjìlélógún, ó sì jókòó sínú òkùnkùn ibẹ̀. Ìyẹn gan-an tu Fàwàsíyà lára. Ó rò pé ó ti tán.

Ilẹ̀ mọ́. Ó padà sí Koumassi.

"Ẹ káàárọ̀, Tonton. Ṣé ẹ rántí ọ̀rọ̀ àná?"

Tonton wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ káàárọ̀, mademoiselle. Ṣé obìnrin inú ilé yìí lẹ ń wá?"

Ó tún kúnlẹ̀. Ó tún un sọ látòkè délẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, Tonton bínú, ó lé e jáde, ó ju ife kọfí lù ú. Lọ́jọ́ kẹta, ó sunkún, ó dárí jì í. Lọ́jọ́ kẹrin, ó dárí jì í kó tó sọ ọ́ débi ìdajì. Kò sí ọjọ́ tó rọrùn ju ọjọ́ lọ. Ẹ máa rò pé ọ̀rọ̀ téèyàn bá sọ lójoojúmọ́ á fúyẹ́ lẹ́nu. Rárá o. Lójoojúmọ́ ni Fàwàsíyà ń sọ ọ́ bíi tuntun, torí lójú Tonton, tuntun ni.

Précieuse ò bá a sọ̀rọ̀. Ó kàn ń ṣílẹ̀kùn fún un.

Ọjọ́ tí Noémie wọkọ̀ òfuurufú lọ Dakar, ọkọ̀ yẹn kọjá lórí Koumassi nígbà tí Fàwàsíyà ń sọ ọ́ lọ́wọ́, ariwo ẹ̀ bo ohùn ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó dúró kó kọjá. Nígbà tó parí, Tonton ti gbàgbé apá àkọ́kọ́. Ó ń wò ó tàánú-tàánú, bí ẹni tó rí ọmọ ọlọ́mọ tó ń sunkún lójú títì.

"Ọkùnrin tó o ṣe é sí yìí, ṣé ó ṣì wà láyé?"

"Ó wà láyé, Tonton."

"Ṣé o ti lọ bẹ̀ ẹ́?"

"Mo ti bẹ̀ ẹ́."

"Kí ló wá sọ?"

"Ó ní òun dárí jì mí."

"Ẹ̀ẹ̀kan?"

"Ó ti tó ìgbà méje, Tonton. Tó bá lé mi lónìí, á dárí jì mí lọ́la."

Tonton gbé ife kọfí sílẹ̀. Ó ronú sí i, ó fara balẹ̀, bó ṣe máa ń ronú tẹ́lẹ̀.

"Èèyàn dáadáa nìyẹn," ó sọ. "Tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò rò pé mo lè ṣe é."

Fàwàsíyà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú ẹ̀. Ó wọ́ orúnkún ẹ̀ sún mọ́ aga Tonton, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti Abobo.